Ọwọ́ Tí Kò Bẹ̀rù Omi Gbígbóná

Inú rírun lásán ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn Sabato Iannuzzi. Ní oṣù kẹwàá, ó ya ìgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ mẹ́ta, ó mu tíì, ó sì gbàgbé ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yìnrìnyìnrìn, bí ìgbà tí èèrà bá ń rìn lábẹ́ awọ. Ó ní bàtà tuntun ló fún òun lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ti gun orúnkún. Lọ́jọ́ kẹta, kò lè dìde lórí ṣálángá, Ersilia ìyàwó rẹ̀ àti aládùúgbò kan ló gbé e jáde bí àpò ìyẹ̀fun. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ẹ̀rọ ló ń bá a mí ní ọsibítù ńlá tó wà ní ìlú Salerno.

Àwọn dókítà ní àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ̀, tó yẹ kí wọ́n lé àrùn inú náà lọ kí wọ́n sì padà wálé, ni wọ́n yíjú sí iṣan ara rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ẹ́. Iṣan tó ń gbé àṣẹ lọ sọ́wọ́ àti ẹsẹ̀, àti iṣan tó ń gbé ìròyìn padà wá, méjèèjì ni wọ́n jẹ. Ajá tí a fi ṣọ́lé ló wá ń bu onílé jẹ. Àìsàn là á wò ṣá, a kì í wo ikú. Wọ́n fa oògùn sí i lára, wọ́n dúró, wọ́n tún fa òmíràn. Lẹ́yìn Kérésìmesì, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mì. Ersilia sunkún lé ìka yẹn lórí bí ẹni tó bí ọmọ tuntun.

Ní oṣù kejì ọdún, Dókítà Loredana, obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, ní kó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé kó sì padà. Ó rìn ín. Dókítà na ìka méjì sí i pé kó fún un. Ó fún un débi pé obìnrin náà pariwo pé ó tó, nọ́ọ̀sì sì pàtẹ́wọ́.

"Dókítà, ọwọ́ mi ṣì kú o," Sabato wí. "Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo wọ ìbọ̀wọ́ mọ́ ọn."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúpẹ́ ná. Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ yín, ṣé ó ti lè di ṣíbí mú?" Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń kọ̀wé. "Agbára ti padà. Ti ká fọwọ́ kan nǹkan ká mọ̀ ọ́n, ìyẹn máa ń lọ́ra. Ó lè tó ọdún kan, ó lè tó méjì. Nígbà míì, kì í padà tán. Ẹ máa yẹ inú bàtà yín wò kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì jìnnà sí ohun gbígbóná."

Kò bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Nínú gbogbo oṣù mẹ́rin, wọ́n bi í léèrè ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n bi í léèrè ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n bi í bóyá bàbá rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè iṣẹ́. Sabato náà kò sì sọ, torí pé ọkùnrin tó bá ti sùn pẹ̀lú rọ́bà ní ọ̀nà ọ̀fun máa ń fẹ́ kí wọ́n ṣáà jẹ́ kó lọ sílé.

Iṣẹ́ rẹ̀ rèé: òun ni ọ̀gá nídìí àgbá ní ilé wàrà Don Costabile, ní ìsàlẹ̀ ìlú Capaccio, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú títí dé òkun. Wàrà ẹfọ̀n ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, èyí funfun roboto tí omi mílíìkì máa ń ṣẹ̀ jáde nínú rẹ̀ bí ọ̀bẹ bá kàn án. Mílíìkì á dì, wọ́n á gé e sínú àgbá, wọ́n á da omi gbígbóná lé e, ọ̀gá á sì máa fi ọmọrogùn rò ó títí yóò fi máa fà bí ewédú. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gan-an. Ọmọ iṣẹ́ á gbé ìṣù wàrà gbígbóná náà dání, ọ̀gá á fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún un ní ọrùn, á já a, roboto kan á bọ́ sínú omi tútù. Bó bá fún un jù, omi inú rẹ̀ á jáde, wàrà á le. Bí kò bá fún un tó, á là, á sì máa ṣomi. Kò sí ẹ̀rọ tó mọ ìwọ̀n náà, ojú gan-an kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ lè jẹ́ ọ̀gá nídìí àgbá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kú kò lè jẹ́ ẹ.

Ọgbọ̀n ọdún ni Sabato ti fi jẹ́ ẹ. Bàbá rẹ̀ náà jẹ́ ẹ kó tó kú.

Ní ilé wàrà yẹn, wọ́n ní àṣà kan tí bàbá Don Costabile dá sílẹ̀. Ẹni tó bá kúrò nídìí àgbá ju ogójì ọjọ́ lọ, yálà ọgbà ẹ̀wọ̀n ló lọ ni tàbí ìlú òkèèrè, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọrogùn títí yóò fi ti ọwọ́ rẹ̀ lásán bọ omi àgbá, tí àwọn yòókù á sì máa sáré ka "Mo kí ọ Màríà" kan. Ojú ẹni náà ni wọ́n ń wò. Bó bá yọwọ́ kí wọ́n tó dé "ẹlẹ́ṣẹ̀," wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín, á sì lọ máa fọ ike fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó láyà jù máa ń dé "àkókò ikú wa." Kò sẹ́ni tó dé "Àmín" rí. Bàbá Sabato, tó mọ iṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ, máa ń yọwọ́ ní kùtùkùtù, á sì máa bú wọn pé ọwọ́ tó bẹ̀rù omi ló mọ omi. Wọ́n gbà á sí àwàdà.

Ní àárín oṣù kẹta, Sabato dé. Àwọn mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fò mọ́ ọn, Don Costabile fúnra rẹ̀ jáde ní ọ́fíìsì, ó ń nu ojú.

"Sabato! Ikú rí ọ, ó ní ẹran rẹ le jù fún eyín òun!"

"Ó tọ́ mi wò, Don Costabile, ó ní iyọ̀ ò tó."

Nunzio, ọmọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Sabato ti kọ́ níṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, tó sì ń di àgbá mú látìgbà tó ti lọ, gbé àga wá fún un. "Ọ̀gá, ẹ jókòó ná. Ẹ jẹ́ ká fi ti omi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kí ló dé? Ṣé o ti jókòó pẹ́ lórí oyè ni, o ò fẹ́ sọ̀kalẹ̀?" Sabato fi ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nunzio náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Sabato ká apá aṣọ sókè, ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ àgbá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ń retí ìrora bí ẹni tó ń retí àlejò. Ó rí èéfín tó ń gòkè, ó rí ọwọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ omi funfun, ó dà bí ọwọ́ ẹlòmíràn tó ń wẹ̀. Ohun tó mọ̀ lára kò ju pé nǹkan kan ń rọra tẹ̀ ẹ́ láti òkèèrè lọ. Wọ́n kọjá "ẹlẹ́ṣẹ̀." Ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Wọ́n dé "àkókò ikú wa," ẹnì kan dákẹ́ láti máa wò ó lójú. Ojú Sabato tutù pẹ̀sẹ̀. Wọ́n pe "Àmín." Ó ṣì dúró, nítorí pé kò mọ̀ pé ó yẹ kóun yọ ọ́. Nunzio ló fa apá rẹ̀ jáde, tó sì tì í bọ korobá omi tútù.

Ariwo tó sọ nínú ilé wàrà lọ́jọ́ náà, àwọn ẹfọ̀n tó wà ní pápá gbọ́ ọ. Don Costabile dì mọ́ ọn. "Ṣé ẹ rí i? Àìsàn kì í ba wúrà jẹ́!" Ó fi ọmọrogùn lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Kó tó di ọ̀sán, ìtàn náà ti dé ilé kọfí, kó tó di ìrọ̀lẹ́, àdúrà kan ti di méjì.

Sabato mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó lè lanu nígbà yẹn kó wí pé, ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ yìí ti kú ni, kò sí akin kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e lé èjìká, ìyìn sì dùn mọ́ ọn létí lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ń nu ìdí rẹ̀ fún un.

Ersilia ló rí ọwọ́ náà lálẹ́, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń gé búrẹ́dì. Ó ti lé roro, omi ti kún abẹ́ awọ.

"Ta ló bó ọ báyìí?"

"Omi àgbá ni. Awọ mi ti rọ̀ ni, mo pẹ́ nílé."

"Ṣé kò dùn ọ́?"

Sabato bu búrẹ́dì sẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ mú fọ́ọ̀kì, ó rọra fi gún un ní àtẹ́lẹwọ́ òsì, lábẹ́ tábìlì, níbi tí kò lè rí. Sabato ń jẹun lọ. Ersilia gbé fọ́ọ̀kì náà sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Sabato kò tiẹ̀ mọ ohun tó fà á.

"Lọ sọ fún Costabile," ó wí nígbà tó nu ojú tán. "Lọ́la. Ní kó fún ẹ níṣẹ́ míì. O lè máa gba mílíìkì wọlé, o lè máa kọ́ àwọn ọmọdé."

"Kí n máa jókòó ní ojúde pẹ̀lú àwọn arúgbó tó ń fi káàdì ṣeré? Kí wọ́n máa fọwọ́ júwe mi? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, Ersilia."

"Èyí tó fẹnu kò ọ́ lẹ́nu ní Salerno ńkọ́, ṣé ó yá? Èmi ni mo jókòó tì ọ́, n kò rí i kó yá."

"Dókítà ní yóò padà."

"Ó ní ó lè máà padà. Èmi náà wà níbẹ̀. Etí mi kò kú."

Wọ́n dì í ní báńdéèjì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ilé wàrà, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún báńdéèjì náà bí ọ̀já oyè. Lẹ́yìn tó sàn, Sabato padà sídìí àgbá.

Ó fi ojú ṣe ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Ó ń wo bí wàrà ti ń fà, ó ń wo bó ṣe ń dán, ó ń fetí sí bí omi ti ń dún lára ọmọrogùn, ó sì máa ń rò ó tó bó ṣe yẹ. Ibi tó ti ń já a ni kò sí ọgbọ́n fún. Ìka rẹ̀ kò sọ ohunkóhun fún un. Nítorí ìbẹ̀rù kó má là, ó ń fún un gírígírí. Ní ọjọ́ kan ó fún ìṣù náà, ó fún un, ọrùn kò já, ó tún fún un. Nígbà tó wolẹ̀, àtàńpàkò Nunzio ló dì mú, ó ti funfun. Nunzio di eyín rẹ̀ pọ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Èmi ni mo gbọ́wọ́ sí ibi tí kò yẹ."

Nunzio wò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí kí ẹlòmíràn lè wọlé. Sabato gbójú kúrò. Nunzio fi ìka náà sínú omi tútù, wọ́n bá iṣẹ́ lọ.

Oṣù karùn-ún dé, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Obìnrin kan tó ní hòtẹ́ẹ̀lì ní etí òkun dá gbogbo ike padà. Ó ní àwọn àlejò òun ní wàrà náà dà bíi bọ́ọ̀lù, pé ọmọ kan ti fi gbá ògiri. Ìdílé kan tó ti ń rà á láti ayé bàbá Don Costabile lọ sí ilé wàrà tó wà ní òdìkejì títì. Don Costabile kọ́kọ́ bú àwọn ẹfọ̀n. Ó bú oúnjẹ wọn, ó bú ẹni tó ń fún mílíìkì wọn, ó pààrọ̀ iyọ̀. Nígbà tó tán nínú ẹranko àti iyọ̀, ó kù sórí ènìyàn. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ọwọ́ mẹ́rin ló ń já wàrà nídìí àgbá, méjì nínú wọn dúró nínú omi gbígbóná títí dé "Àmín" lójú gbogbo ayé. Méjì tó kù ni ti Nunzio.

Ẹ rò ó wò ná. Fún oṣù mẹ́rin tí Sabato fi wà ní ọsibítù, Nunzio nìkan ló ń já a, kò sì sẹ́ni tó dá ike kan padà. Ohun tó hàn gbangba báyẹn, ojú wọn fò ó.

Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí wọ́n fọ ilẹ̀ tán, Don Costabile pe Nunzio síwájú gbogbo wọn.

"Ọmọ mi, mo ti gbìyànjú. Ọ̀gá rẹ padà láti ẹnu ikú, dípò kí o ràn án lọ́wọ́, ò ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bóyá ìlara ni, bóyá ọwọ́ rẹ ló wúwo, n kò mọ̀. Bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀."

Kò sí ilé wàrà kan ní gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà tí yóò gba ẹni tí Don Costabile lé nítorí ọwọ́ búburú sídìí àgbá. Ìdí ẹfọ̀n ni yóò lọ, pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Gbogbo wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nunzio kò bá Don Costabile jiyàn. Sabato ló kọjú sí. Sabato sì ń wo ihò tí omi ń gbà lọ nílẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni pé ohun iyebíye kan ṣẹ̀ṣẹ̀ já síbẹ̀. Nunzio dúró títí ó fi sú u, ó wá wọ yàrá ẹ̀yìn lọ pààrọ̀ aṣọ.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ẹnu Sabato tó ṣí.

"Don Costabile, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mò ń ba wàrà jẹ́. Ọwọ́ mi ti kú. Látìgbà tí mo ti dé ló ti kú. Omi ọjọ́ yẹn, n kò mọ̀ ọ́n lára rárá ni."

Don Costabile wò ó, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ wo ọ̀gá tòótọ́! Ó fẹ́ gbé ẹrù ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rù!" Ó gbá Sabato léjìká. "Rárá o, ọ̀rẹ́ mi. Inú rẹ dára jù. Ṣé ojú wa kọ́ lo ti ti ọwọ́ bọ omi ni?"

"Mo ní n kò mọ nǹkan kan lára!"

"Ó dáa, ó dáa. Lọ sinmi."

Sabato ti pa irọ́ mọ́lẹ̀ fún oṣù méjì láìsọ ọ̀rọ̀ kan, òtítọ́ tó wá ń pariwo rẹ̀ yìí, kò rẹ́ni rà á. Ó binú. Ó fa àga sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mábùlì, ó jókòó, ó na apá ọ̀tún lé orí rẹ̀, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó sì di ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ fi nǹkan sí mi lọ́wọ́. Ohun tó bá wù yín. Ọ̀bẹ ni o, wàrà ni o, yìnyín ni o. Bí mo bá dá a mọ̀, ẹ lé Nunzio lọ. Bí n kò bá dá a mọ̀, ẹ mọ ẹni tí ẹ ó lé."

Ó dúró. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ kan tó rọra ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó gbọ́ ẹ̀rọ omi tútù tó ń kùn. Ẹnì kan fa imú. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìró kankan mọ́. Ó tún dúró, ó dúró pẹ́, ó sì rò pé wọ́n ń fi òun ṣeré.

"Ẹ ti gbé e síbẹ̀ ni àbí ẹ kò tíì gbé e? Kí lẹ ń dúró dè?"

Ó la ojú.

Nunzio ló wà níwájú rẹ̀, nínú jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ọwọ́ Sabato mú ṣinṣin. Don Costabile ti ṣí fìlà rẹ̀ dání. Àwọn yòókù kò lè wo Sabato lójú.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti dì í mú, Ọ̀gá," Nunzio wí.

"Nunzio," Don Costabile bẹ̀rẹ̀, "ọmọ mi, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, wá gbé aṣọ rẹ..."

Nunzio kò yíjú sí i. "Ẹ mọ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́, èmi náà sì mọ̀. Mo dúró kí ẹ sọ fún mi. Ká ní ẹ sọ ọ́, ìka mi ni ǹ bá máa fi ṣe ti yín, inú omi ló wà, ta ni ìbá rí i? Títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì, orúkọ yín ni wọn ìbá máa pè." Ó sún mọ́ ọn sí i. "Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n pè mí ní ọwọ́ búburú, ẹ ń wo ihò omi."

Sabato fẹ́ fún ọwọ́ Nunzio mọ́ra kó má lọ, ó sì rò pé òun ti ń fún un. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Nunzio lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí òkúta. Ìgbà yẹn ló wá wo orí tábìlì, tó rí i pé ọwọ́ òun nìkan ló wà níbẹ̀, tí àwọn ìka rẹ̀ sì dì mọ́ òfìfo gírígírí.